Bí a ṣe ń pààrọ̀ dísìkì àti páàdì iwájú píkọ́ọ̀pù tí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn oṣù kan

Ẹ ra dísìkì bíréèkì tuntun méjì (àwo irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀), ẹ ra páàdì tó ń fún un mú, wọ́n dè é fún yín ní Sátidé. Ọkọ̀ ń dúró dáadáa. Kò ju oṣù kan lọ, ẹ ru pákó tàbí àpò kòkó, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè bọ̀ ní Ìta-Awúre, ẹ tẹ bíréèkì, sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mẹkáníìkì ní dísìkì ti tẹ̀, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ ra òmíràn. Oṣù kan sí i, ó tún dé.

Dísìkì kì í sábà tẹ̀. Ìpáàrà tó wà lójú họ́ọ̀bù (àwo irin tí dísìkì àti táyà ń jókòó lé) nígbà tí wọ́n gbé dísìkì lé e ló ń fa wàhálà. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbà kí dísìkì fi wọ́ bó bá ń yí kò ju nǹkan bí mílímítà 0.05 lọ, irun orí ẹyọ kan sì lè nípọn ju ìyẹn. Bí ìpáàrà tàbí iyanrìn bá ti ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀, ojú kan náà lára dísìkì á máa ha páàdì ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí, àní bí ẹ kò tilẹ̀ tẹ bíréèkì. Díẹ̀díẹ̀ ojú ibẹ̀ á fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ. Ìgbà yẹn ni gbígbọ̀n á wá bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fi máa ń tuni lára tí gbogbo ènìyàn á rò pé iṣẹ́ ti dára.

Hilux Vigo àti èyí tó tẹ̀lé e la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, nítorí ó pọ̀ gan-an lójú pópó wa. Bí tiyín bá jẹ́ Hilux àtijọ́ tí wọ́n de dísìkì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, ẹ ní láti tú bẹ́ríìnì kó tó jáde. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí ṣe é.

Ohun tí ẹ máa rà

Dísìkì méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan láéláé, torí ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tú ti àtijọ́ kí ẹ gbé e dání lọ sọ́dọ̀ onísípéépàtì: kí ẹ fi wé ara wọn ní fífẹ̀, ní nínípọn, ní gíga ìdí rẹ̀ àti ihò àárín. Hilux tó lọ sílẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ méjì ló ń fà á máa ń ní nọ́ọ̀tì 5 lẹ́sẹ̀, èyí tó ga máa ń ní 6. Ẹni tó bá pè é ní “ti Hilux” lásán lórí fóònù ló máa ń padà lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì.

Nípa irú dísìkì tó yẹ: èyí tí ara rẹ̀ dán, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín irin méjèèjì kọjá, ni ká fi sí ọkọ̀ tó ń ru ẹrù. Àwọn tó lu ihò yíká ara rẹ̀ máa ń wu ojú, àmọ́ ibi ihò yẹn gan-an ni irin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí ó bá ń gbóná gidi tó tún ń tutù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí òkè Èkìtì ń fún bíréèkì ṣe nìyẹn. Èyí tí wọ́n fa ìlà sí lójú kò burú, páàdì ló máa ń jẹ kíákíá. Èyí tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ ńkọ́? Ó nílò kálípà tirẹ̀ (irin tó gba páàdì sínú tó sì ń tì wọ́n mọ́ dísìkì), nígbà mìíràn rímù tó tóbi sí i. Bí ẹ kò bá ní gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Páàdì mẹ́rin, méjì lẹ́sẹ̀ kan. Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà gígùn kan tí lẹ́tà méjì wà níparí rẹ̀: FF, GF, GG, tàbí EF. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú kó tó gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó bá ti gbóná. Nínú ìwọ̀n bó ṣe ń dì í mú, E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. Fún ọkọ̀ ẹrù, ẹ má gba èyí tí lẹ́tà kejì rẹ̀ jẹ́ E. Èyí tí kò ní lẹ́tà kankan létí, ẹ dá a padà fún un kí ẹ máa lọ. Páàdì tí wọ́n po irin mọ́ ló yẹ ẹrù àti òkè. Sèrámíìkì kì í pariwo, kì í sì í dọ̀tí rímù, àmọ́ ọkọ̀ tó ń gbé ọ̀gá lọ ọ́fíìsì ló bá mu jù.

Kí ẹ tún ra pín-ìn àti sípíríǹgì tuntun tó ń di páàdì mú, ọ́ìlì bíréèkì lítà kan (DOT 3 tàbí DOT 4, ẹ má dé ìdí DOT 5 rárá), agolo méjì ọṣẹ bíréèkì tí wọ́n ń fín, àti gírísì bíréèkì kékeré. Gírísì bẹ́ríìnì kì í ṣe gírísì bíréèkì. Ooru á yọ́ ọ, á sì ṣàn lọ sójú páàdì.

Irinṣẹ́

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 fún nọ́ọ̀tì táyà, 17 fún bóòtù kálípà. Jáàkì kan, sítáǹdì méjì. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, sáńpépà nọ́ńbà 80 àti 120. Bóòtù M8 méjì tó gùn tó mílímítà 40 (ẹ ó rí ìwúlò wọn). Wáyà líle tí a fi ń so nǹkan kọ́. Síríǹjì ńlá láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, ìyẹn sípánà tó ń fi Nm wọn agbára tí ẹ fi ń fún nọ́ọ̀tì, kódà bó jẹ́ yíyá lẹ́ ó yá a. Bí ẹ bá lè rí aago ìwọ̀n táwọn tọ́nà fi ń wo bí irin ṣe ń yí, iṣẹ́ yín á dá yín lójú pátápátá.

1. Gbígbé ọkọ̀ sókè

Àgbàlá ilé púpọ̀ ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ dagun. Ẹ wá ibi tó tẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ sì le. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ ki jíà kìíní, ẹ ti òkúta mọ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó jáàkì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sókè, ẹ gbé fírémù ọkọ̀ lé sítáǹdì. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe sítáǹdì. Ó lè dúró láti àárọ̀ dọ̀sán, kó sì fọ́ lójijì láìkìlọ̀.

*Ó ti dáa bí:* ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tagbáratagbára tí kò mì lórí sítáǹdì.

2. Títú páàdì àti kálípà

Ẹsẹ̀ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí èkejì wà ní títò kí ẹ lè máa wò ó bí ẹ bá gbàgbé bí nǹkan ṣe jókòó. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò sípíríǹgì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí agolo ọ́ìlì bíréèkì, ẹ fi síríǹjì fa ọ́ìlì jáde títí yóò fi kù bí ìdajì. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ẹ bá ti pístìn (irin róbótó inú kálípà tí ọ́ìlì fi ń ti páàdì) padà, ọ́ìlì á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á sì bó ọ̀dà ara ọkọ̀ bí omi gbígbóná ṣe ń bó awọ adìẹ.

Kálípà Hilux yìí ní pístìn mẹ́rin, méjì níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ kílíìpù, ẹ fa pín-ìn méjèèjì jáde, sípíríǹgì á bọ́, páàdì á sì yọ sókè. Ẹ fi páàdì àtijọ́ kan sílẹ̀ níhà kan, kí ẹ máa ti pístìn ìhà kejì padà pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tàbí páàdì àtijọ́ kejì. Ẹ rọra ṣe é. Bí ẹ bá ń ti ọ̀kan wọlé, àwọn yòókù máa ń fẹ́ jáde. Bí ọ̀kan bá jáde tán, ọ́ìlì á dà, iṣẹ́ wákàtí méjì á di ti ọjọ́ méjì. Ẹ má fi orí sikirudíráfà ti róbà tó yí pístìn ká. Bó bá ya, eruku ọyẹ́ á wọlé, pístìn á há.

Pístìn tí kò bá wọlé tí ẹ bá fi ọwọ́ àti igi tì í ti há nìyẹn. Páàdì tuntun kò ní wò ó sàn. Ohun tó ń bẹ níbẹ̀ ni kí wọ́n tú kálípà fọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ róbà inú rẹ̀, tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Nígbà tí gbogbo wọn bá wọlé tán, ẹ tú bóòtù 17 méjì tó wà lẹ́yìn kálípà. Ẹ fi wáyà so kálípà kọ́ sára irin sípíríǹgì ńlá òkè. Ẹ má jẹ́ kó máa rọ̀ lórí róbà ọ́ìlì. Róbà náà lè máà ya lójú yín, kó jẹ́ inú rẹ̀ ló ti ya; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ ó rí i pé bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn kì í tú dáadáa mọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹnikẹ́ni má tẹ bíréèkì o. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn láti máa wọ ọkọ̀ jókòó.

*Ó ti dáa bí:* ojú pístìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba mọ́ ara kálípà, tí kò sí ibi tí ó tutù fún ọ́ìlì, tí róbà kò sì ya rárá.

3. Yíyọ dísìkì, àti ojú họ́ọ̀bù

Dísìkì tó ti dógùn-ún mọ́ họ́ọ̀bù kì í fẹ́ jáde. Òòlù ni gbogbo ènìyàn máa ń gbé. Ẹ wo ojú dísìkì dáadáa, ẹ ó rí ihò kékeré méjì tó ní ojú sìkúrù. Bóòtù M8 yẹn ni ẹ ó fi sínú wọn. Ẹ máa yí ọ̀kan díẹ̀, kí ẹ yí èkejì díẹ̀, dísìkì á ti ara rẹ̀ jáde. Òòlù tí ẹ bá gbá lé e lè ba bẹ́ríìnì jẹ́ fún yín, ariwo rẹ̀ á sì máa tẹ̀lé yín lọ sí Ọ̀mùò.

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Bí ẹ bá ní wákàtí méjì fún ẹsẹ̀ kan, ẹ lo ìdajì rẹ̀ níbí.

Ojú họ́ọ̀bù, ìyẹn àwo irin tí bóòtù táyà 6 yọ jáde lára rẹ̀, á ti pupa, á sì ti le bí èèpo. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá a, lẹ́yìn náà sáńpépà 80, lẹ́yìn náà 120. Ibi táwọn ènìyàn kì í dé ni ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan, níbi tí bóòtù ti jáde lára àwo: òrùka ìpáàrà kékeré máa ń wà níbẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ńlá kò lè wọ̀. Ẹ ká sáńpépà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè wọ bóòtù náà, kí ẹ máa yí i lórí rẹ̀ títí irin á fi funfun. Ẹ tún nu etí róbótó tó wà láàárín, níbi tí ihò dísìkì máa ń jókòó sí.

Ẹ má fi gírísì bo ojú họ́ọ̀bù. Àwọn kan ní kó má baà dógùn-ún mọ́. Gírísì tó nípọn níhà kan tó fẹ́lẹ́ níhà kejì ń ṣe ohun kan náà tí ìpáàrà ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan sí i, etí àárín yẹn nìkan ni kí ẹ fi ìka pa díẹ̀.

*Ó ti dáa bí:* ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú họ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú dídì tí ìka yín kò kọsẹ̀ níbikíbi, tí aṣọ funfun tí ẹ fi nù ún kò sì pọ́n.

4. Gbígbé dísìkì tuntun lé e

Dísìkì tuntun máa ń ní òróró lára kó má baà dógùn-ún lórí àtẹ. Ẹ fín ọṣẹ bíréèkì sí i lójú méjèèjì, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́. Bí kò bá sí ọṣẹ bíréèkì, omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ ṣe é ṣe, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Láti ìgbà yìí, etí nìkan ni kí ẹ máa fi ọwọ́ di í mú.

Ẹ gbé e lé họ́ọ̀bù, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ẹ fi wásà sí lábẹ́ fún un mọ́ ọn dáadáa, torí láìsí táyà kò ní jókòó dé ìdí. Ẹ gbé aago ìwọ̀n sí i, kí ọmú rẹ̀ kan ojú dísìkì ní nǹkan bí mílímítà 10 sí etí, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan yíká. Bí ó bá kọjá 0.05, ẹ tú u, ẹ yí dísìkì síwájú ní bóòtù kan, ẹ tún wò ó. Bóòtù mẹ́fà ló wà, ọ̀kan nínú ipò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ń dára ju ìyókù lọ. Bí gbogbo wọn kò bá dára, ẹ padà sí ìpele 3; ó ku ibi tí ẹ kò tíì nù.

Ẹni tí kò ní aago lè so wáyà mọ́ ara ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dísìkì, kó máa wo àlàfo náà bó ṣe ń yí. Kò lè rí 0.05 báyìí o, àmọ́ èyí tó burú jáì kò ní fara pamọ́ fún un.

5. Kálípà àti páàdì

Ẹ dá kálípà padà sí àyè rẹ̀. Fífún bóòtù rẹ̀ wà láàárín Nm 100 sí 130 lórí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún èyí tó péye. Kì í ṣe ibi tí à ń fi páìpù gùn ọwọ́ sípánà nìyí.

Ẹ fọ ojú ibi tí páàdì ń yọ̀ lé nínú kálípà. Gírísì bíréèkì tín-ín-rín ni kí ẹ fi sí ẹ̀yìn irin páàdì níbi tí pístìn ti ń kàn án, àti sí pín-ìn. Bí ó bá kan ojú páàdì, kódà ẹyọ ẹ̀kán, páàdì yẹn ti bàjẹ́. Sáńpépà kò yọ ọ́, torí ó ti mu ún. Bí kálípà yín bá jẹ́ èyí tó ń yọ̀ lórí pín-ìn róbà méjì, ẹ fa pín-ìn náà jáde, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì tuntun sí i. Pín-ìn tó gbẹ ló máa ń jẹ́ kí páàdì inú tán nígbà tí ti ìta ṣì nípọn.

Páàdì gbọ́dọ̀ yọ̀ wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Bó bá há, ọ̀dà ló pọ̀ jù létí irin rẹ̀, ẹ fi fáìlì ha á díẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń kan dísìkì tó sì máa ń ké nígbà tí páàdì bá ń tán, kó wà ní ìhà tí ti àtijọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àṣà àwọn tó máa ń ha páàdì tuntun mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì “kó má baà ké”: iyanrìn ilẹ̀ ń wọ inú páàdì, á sì máa fa ìlà sójú dísìkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó rà. Kíké máa ń wá láti ibi sípíríǹgì àtijọ́ tó ti rọ̀, tàbí ẹ̀yìn páàdì tó gbẹ.

*Ó ti dáa bí:* ẹ bá ti tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá tó sì le lẹ́sẹ̀ yín, tí dísìkì sì ń yí lọ́wọ́ pẹ̀lú ìró fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí à ń fi aṣọ nu tábìlì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu ọ́ìlì kún agolo dé ìlà òkè. Ọ́ìlì tó ti dúdú bíi ti ẹ́ńjìnnì, ẹ dà á nù pátápátá kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó ti mu omi láti inú afẹ́fẹ́: DOT 3 tuntun máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 205 °C, èyí tó ti mu omi lè hó ní 140. DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Ọ́ìlì tó bá hó láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń di atẹ́gùn, ẹsẹ̀ yín á sì wọlẹ̀ tì.

6. Táyà

Ẹ nu ẹ̀yìn rímù pẹ̀lú, òun náà máa ń dógùn-ún. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ní ìkọjúsíra, kì í ṣe ní títẹ̀léra, ní ẹ̀ẹ̀mejì: ìdajì agbára lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Nm 105 fún Hilux. Fífún tí kò dọ́gba lè wọ́ dísìkì tí ẹ ti fi gbogbo ọjọ́ tún ṣe. Àwọn fọ́ganáísà tó ń lo ìbọn atẹ́gùn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ parí rẹ̀.

7. Mímú páàdì mọ́ dísìkì lára

Ìpele tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe rárá nìyí. Ojú páàdì gbọ́dọ̀ fi awọ tín-ín-rín kan sílẹ̀ lójú dísìkì, kó sì tẹ́ bákan náà yíká.

Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́ tó sì gùn, ní òwúrọ̀ kùtù, láìsí ẹrù. Ẹ sá dé kìlómítà 60 ní wákàtí, ẹ tẹ bíréèkì ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì títí yóò fi kù bí 10, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tún sá. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá, kí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 wà láàárín wọn. Ẹ má dúró pátápátá, torí ibi tí páàdì gbígbóná bá dì mọ́ á fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, gbígbọ̀n mìíràn nìyẹn. Ẹ lè gbóòórùn jíjó díẹ̀, kò léwu. Lẹ́yìn ìkẹwàá, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì. Kí ẹ má sì gbé e lọ sí ibi ìfọkọ̀ ní gbígbóná bẹ́ẹ̀: omi tútù lára irin gbígbóná máa ń jẹ́ kó sán.

Fún kìlómítà 300 àkọ́kọ́, ẹ má ru ẹrù ńlá gba òkè Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkèmẹ̀sí.

*Ó ti dáa bí:* ojú dísìkì bá ní àwọ̀ eérú kan náà yíká, láìsí àpá búlúù, tí ooru rímù ọ̀tún àti òsì kò sì yàtọ̀ tí ẹ bá na ọwọ́ sún mọ́ wọn. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì lọ, ẹ padà lọ wo pístìn rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá ṣì ń lọ sílẹ̀ jù

Ẹ má tíì fi ẹ̀sùn kan iwájú. Ẹ̀yìn Hilux púpọ̀ jẹ́ dúróòmù, bí láínì inú rẹ̀ bá jìnnà sí ara dúróòmù, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kó tó di nǹkan mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ẹ tún wo fáàfù tí ọ̀pá irin kan so mọ́ ásùlù ẹ̀yìn: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi kún agbára bíréèkì ẹ̀yìn bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ọ̀pá náà bá ti há nínú ẹrẹ̀, tàbí tí ẹnì kan ti fi wáyà so ó pa, iwájú ló lè máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ru iṣu, kò sì sí dísìkì tó lè pẹ́ lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ gbé e sókè sódò, kó máa lọ kó máa bọ̀ láìhá.

Lẹ́yìn kìlómítà 100, ẹ tún fi tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì kan nọ́ọ̀tì táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́sẹ̀ méjèèjì.